Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ nígbà òjò dídì

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa ní Kàbbà, Ìsánlú àti Mopa tí ẹ ní ọmọ ní Kánádà, bí ẹ bá pè wọ́n nígbà tí ìjì òjò dídì bá ń jà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí kún àdúrà yín.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe òtútù, bí kò ṣe èéfín. Bí òjò dídì bá dí ẹnu ọ̀pá tí èéfín ọkọ̀ ń gbà jáde, tí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ sì tan ẹ́ńjìnì kí ara rẹ̀ lè móoru, èéfín olóró tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì lè rí, lè wọ inú ọkọ̀ kí ó sì pa á lójú oorun. Nítorí náà, kí wọ́n kọ́kọ́ kó òjò dídì kúrò níbẹ̀. Èéfín yìí kan náà ni jẹnẹrétọ̀ wa níhìn-ín ń tú jáde, ẹ má ṣe gbé tiyín sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀bá fèrèsé.

Bí ìjì bá rọlẹ̀, kí ẹni tí ó ní àrùn ọkàn má ṣe fi ṣọ́bìrì kó òjò dídì, kí gbogbo wọn sì jìnnà sí wáyà iná tí ó já.