Bí mo ṣe ń lo hotspot fóònù láì jẹ́ kí bátìrì kú mọ́ mi lọ́wọ́

Tí wọ́n bá ti mú iná lọ ní àdúgbò wa ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn níbí, bátìrì méjì ló ṣẹ́kù fún iṣẹ́ mi: ti láptọ́ọ̀pù àti ti fóònù. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbi ìpàdé ni mo máa ń gbọ́, tí màá sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́rọ̀ọ̀ọ̀rọ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń gba iṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì ń gbà dá a padà, hotspot fóònù mi, tó ń pín dátà fún láptọ́ọ̀pù, ló ń gbé gbogbo rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù kì í tètè kú. Fóònù ló máa ń kọ́kọ́ kú, iṣẹ́ á sì dúró gbagidi.

Mo gbé fóònù náà lọ sọ́dọ̀ bọ̀dá kan tó ń tún fóònù ṣe ní Dùgbẹ̀, kí wọ́n bá mi yẹ bátìrì rẹ̀ wò. Wọ́n ní kò wú, kò sì gbó. “Àǹtí, ibo lẹ máa ń gbé e sí tẹ́ ẹ bá tan hotspot?” Mo ní yàrá inú lọ́hùn-ún ni. “Ẹ lọ wo iye ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń gbé níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó náwó sórí bátìrì tuntun.”

Ọ̀rọ̀ wọn yé mi dáadáa nígbà tí mo mọ ohun tí fóònù ń ṣe nígbà tí hotspot bá wà ní títàn. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe pọ̀. Ó ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀ lápá kan, ó sì ń pín Wi-Fi fún kọ̀ǹpútà lápá kejì. Fóònù tó ń gba Wi-Fi lọ́wọ́ ẹlòmíì lè máa sinmi díẹ̀díẹ̀ láàárín iṣẹ́. Èyí tó ń pín in kò ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀: nǹkan bí ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń kéde pé òun wà níbẹ̀, kódà bí kò bá sí ẹnikẹ́ni tó so mọ́ ọn. Ti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tún le jùyẹn lọ. Tí òpó bá jìnnà, tàbí tí nǹkan bá dí i lójú, fóònù á gbé agbára rẹ̀ sókè kí ohùn rẹ̀ tó lè débẹ̀, bí ẹni tó ń pariwo pe èèyàn ní òdìkejì odò. Inú bátìrì ni agbára yẹn ti ń wá.

Ìbàdàn ò sì tẹ́ pẹrẹsẹ, gbogbo wa la mọ̀. Òkè àti ìsàlẹ̀ ni, ilé olórùlé páànù sì kún inú rẹ̀. Ilé wa ti pẹ́, ògiri rẹ̀ nípọn, yàrá inú kò sì ní ju fèrèsé kékeré kan lọ.

Mo wá gbé fóònù káàkiri ilé. Iṣẹ́ kan náà ni mo ń ṣe níbi kọ̀ọ̀kan, màá sì máa wo ojú ewé bátìrì nínú Settings. Ní yàrá inú, ọ̀pá kan ló ń gbé, fóònù ń yípo láàárín 4G àti 3G, ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná, bátìrì sì ń sáré lọ sílẹ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí ọ̀pá ti kún, ara rẹ̀ tutù, bátìrì ò sì lọ bẹ́ẹ̀ rárá. Fóònù kan náà, dátà kan náà! Ìyàtọ̀ náà yà mí lẹ́nu gidi. Ohun tí mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí ni pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló yẹ kí fóònù wà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù. Láptọ́ọ̀pù lè wà nínú yàrá: nínú oríṣi ìgbì méjì tí Wi-Fi sábà máa ń lò, 2.4 GHz máa ń la ògiri kọjá ju 5 GHz lọ. Àmọ́ kí oòrùn má pa fóònù o. Ooru máa ń ba bátìrì lithium jẹ́, ohun tó bá sì bàjẹ́ nínú rẹ̀ kò ní padà bọ̀ sípò.

Lẹ́yìn náà ni mo gbìyànjú wáyà. Mo gbé tábìlì mi lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè náà, mo fi wáyà USB so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, mo pa hotspot, mo sì tan USB tethering, ìyẹn ètò tó ń gba inú wáyà fún láptọ́ọ̀pù ní íntánẹ́ẹ̀tì. Wi-Fi kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe mọ́, láptọ́ọ̀pù sì ń fún fóònù ní iná díẹ̀díẹ̀. Ojúhò USB 2.0 kì í fún un ju watt 2.5 lọ, ṣùgbọ́n níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa, ìyẹn tó láti dá bátìrì dúró síbi tó wà. Èèyàn lè ní ṣé bátìrì láptọ́ọ̀pù kọ́ ló ń jẹ̀yà rẹ̀ ni? Òun ni, àmọ́ ó lè gbà á mọ́ra. Bátìrì fóònù tó jẹ́ 5,000 mAh kò ju nǹkan bí Wh 19 lọ (Wh, watt-hour, ni wọ́n fi ń wọn iná tí bátìrì lè gbà). Láptọ́ọ̀pù tó ní Wh 50 kò ṣọ̀wọ́n. Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù. Bluetooth náà wà, kì í jẹ iná púpọ̀, àmọ́ ó falẹ̀ ju ohun tí iṣẹ́ mi lè gbà lọ.

Ohun kan tún wà lórí láptọ́ọ̀pù. Windows kò mọ̀ pé fóònù lòun ń lò, yóò máa wa update ńláńlá sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ. Mo yí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sí “Metered connection”, ìyẹn ni pé dátà tó níye ni mo ń lò, ọ̀pọ̀ update náà sì dáwọ́ dúró. Dátà mi pẹ́ sí i, fóònù náà sì rí ìsinmi.

Àbúrò mi tó wà ní Poli ló kù. Tó bá ti dé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan hotspot fún mi” ni. Màá tàn án fún un, èmi á sì wà lórí wáyà. Fóònù mi lè ṣe méjèèjì pọ̀. Mo ti tan ètò inú Settings tó ń pa hotspot fúnra rẹ̀ tí kò bá sí ẹni tó ń lò ó, torí náà bó bá gbé fóònù rẹ̀ jáde lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láì sọ fún mi, hotspot náà á kú láìpẹ́.