Bí iyè ẹni tí kò tíì darúgbó bá ń ra

Ìgbàgbé kọ́ la kọ́kọ́ rí lára ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Aránṣọ ni wọ́n n'Ìbàdàn, wọn ò tíì pé ọmọ ọdún 54. Wọ́n rán apá bùbá kan sódì, wọ́n tú u, wọ́n tún rán an sódì bó ṣe wà. Wọ́n á na téèpù sára oníbàárà, wọ́n á ka nọ́ńbà rẹ̀ síta ketekete, kí wọ́n tó mú bírò, ó ti lọ. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ nìyẹn: iṣẹ́ tó ti mọ́ èèyàn lọ́wọ́ tipẹ́ tó wá ń dojú rú, tàbí ìwà tó ṣàdédé yí padà. Lára ẹni tí kò tíì pé 65, irú èyí lè ṣáájú ìgbàgbé.

Wọ́n á sọ fún yín pé arúgbó nìkan ni dementia, ìyẹn àìsàn tó ń mú kí iyè èèyàn ra, ń ṣe. Rárá o. Obìnrin tí Dókítà Alois Alzheimer yẹ̀ wò ní Frankfurt, ní Jámánì, lọ́dún 1901, tí wọ́n fi wá fi orúkọ dókítà náà pe àìsàn Alzheimer, ọ̀kan lára àwọn àìsàn tó ń fa dementia, ẹni ọdún 51 ni.

Kẹ́ ẹ tó lọ sọ́sípítù, ẹ wá ìwé kékeré kan. Ẹ má kọ "wọ́n ń gbàgbé" síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n gbowó lọ́wọ́ Ìyá Ràṣídà lẹ́ẹ̀mejì." Ara wọn máa ń yá gágá níwájú dókítà, wọ́n á kí i, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ ẹ̀. Bí ìwé yẹn ò bá sí, ẹjọ́ tẹ́ ẹ bá rò ò ní ní ẹlẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n sì ya fọ́tò ọpọlọ. Àìtó fítámì B12, àìsàn táírọ́ọ̀dù, kòkòrò HIV, ìbànújẹ́ tó ti di àìsàn, oògùn oorun, kódà ẹ̀jẹ̀ tó dúró sínú agbárí lẹ́yìn tí èèyàn ṣubú: gbogbo wọn ló lè da iyè rú, wọ́n sì ní ìtọ́jú. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ tètè lọ, ì báà jẹ́ UCH n'Ìbàdàn. Ẹ má sì torí ẹnu ayé sá fún Aro l'Ábẹ́òkúta.

Àwọn kan á ní ayé ló ṣe wọ́n. Ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi ààwẹ̀ gbígbẹ tàbí ẹgba lé ẹ̀mí kankan jáde lára aláìsàn yín.

Bó bá jẹ́ Alzheimer lóòótọ́, oògùn lè dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kò lè wò ó tán. Ọ̀rọ̀ báńkì àti ìwé ilẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dúró nígbà náà. Ẹ pe lọ́yà nígbà tí wọ́n ṣì lè fẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n fẹ́, kí gbogbo ọmọ sì wà níjòókòó.