Ejò tẹ́ẹ́rẹ́ bí ekòló nínú ike òdòdó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń da yẹ̀pẹ̀ inú ike òdòdó nù lẹ́yìnkùlé ni nǹkan kan jáde, ó dúdú, ó ń dán, mo pè é ní ekòló àfìgbà tó yọ ahọ́n. Màmá ọkọ mi ní ejò olórí méjì ni, ká da kẹrosíìnì síbẹ̀. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi kẹrosíìnì sílẹ̀, òdòdó yín ló máa kọ́kọ́ pa. Bẹ́ẹ ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀ yìí, ó jọ ejò afọ́jú inú ilẹ̀, Indotyphlops braminus lorúkọ ẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀. Kò gùn ju ìka ọwọ́ méjì tẹ́ẹ bá tò ó léra, kò lóró, ẹnu ẹ̀ kéré débi pé kò lè bu èèyàn ṣán. Èèrà, ikán àti ọmọ wọn ló ń jẹ. Màmá ò ṣì rí o, ìrù ẹ̀ ló kúkúrú tó rí roboto bí orí, ojú ẹ̀ sì wà lábẹ́ ìpẹ́, kò ju tóótòòtó dúdú lọ. Abo nìkan ni wọ́n, wọ́n ń yé ẹyin láìsí akọ, inú yẹ̀pẹ̀ òdòdó tí wọ́n ń gbé kiri ni wọ́n fi tàn ká ayé.

Ìbéèrè: Ṣé kì í wá ṣe ekòló lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ekòló ní òrùka òrùka lára, ó sì ń yọ̀. Ejò yìí gbẹ, kò sì ní òrùka.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fọwọ́ mú un jù sígbó?

Ìdáhùn: Rárá o! Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ejò kékeré dúdú mìíràn wà tóun náà ń gbé inú ilẹ̀, Atractaspis, oníoró ni, wọ́n sì jọra púpọ̀. Eyín tiẹ̀ ń yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu láì ya ẹnu rárá, tẹ́ẹ bá tiẹ̀ dì í lọ́rùn mú dáadáa ó ṣì lè gún yín níka. Ṣọ́bìrì ni kẹ́ẹ fi kó o pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀, sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ dà á sídìí igi tó jìnnà sílé. Tí ejò èyíkéyìí bá ṣán yín, ọsibítù tààrà, ẹ má fi abẹ gé e, ẹ má so ó.

Ìbéèrè: Ó tún lè padà wá ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó lè padà wá, pàápàá lẹ́yìn òjò. Ẹ kó igi jíjẹrà àti òkúta kúrò lẹ́bàá ilé, tẹ́ẹ bá ra òdòdó tuntun ẹ tú yẹ̀pẹ̀ ẹ̀ wò kó tó wọlé.