Omi Tó Mọ́ Lè Níyọ̀ Nínú: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Ìbòrí Pọ́límà Oníná

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan gbé gíláàsì mẹ́fà wá bá mi ní lábù wa l'Ákùúrẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti fi ń fi pọ́límà (ohun tó jẹ́ fọ́nrán gígùn-gígùn) fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú wọn, irú ìbòrí tó yẹ kó wú bí omi bá ti kàn án. Kò wú. Ó le, ojú rẹ̀ sì funfun bí ìgbà tí ìrì bo fèrèsé. Mo bi í pé kí ló fi ṣàn wọ́n.

"Omi bọ́ọ̀hólù ni, sà. Omi náà mọ́, a máa ń mu ún."

Irọ́ kọ́ ló pa, omi náà mọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe àkọ́kọ́ wà: ahọ́n la fi ń wọn iyọ̀. Bí omi kò bá ti níyọ̀ lẹ́nu, a gbà pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ẹ wo pọ́límà yìí bí irun tó hù sórí gíláàsì. Fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ní iná lára, irú iná tó máa ń ta pàrà lára aṣọ nílọ́ọ̀nù tí a bá ń bọ́ ọ lásìkò ọyẹ́. Irú iná kan náà ni gbogbo wọn ní, nítorí náà wọn kì í fẹ́ fara kanra, ṣe ni wọ́n ń nà dúró. Àwọn áyọ́ọ̀nù, ìyẹn ègé tíntìntín tó ní iná lára, tó tẹ̀ lé iná yẹn há sí àárín wọn, wọ́n sì ń fa omi wọlé. Bí iyọ̀ bá wá yọ́ sínú omi náà, á dà bí Ọjà Ọba lọ́jọ́ tí èrò pọ̀: ẹni méjì tó ń bínú síra wọn ò ní rí ojú ara wọn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn fọ́nrán náà ò ní sá fún ara wọn mọ́, ìbòrí á sì sún kì. Iyọ̀ oúnjẹ gíráàmù 0.06 nínú lítà omi kan, tí ahọ́n ò lè mọ̀, ti tó láti jẹ́ kí ibi tí agbára iná náà lè dé mọ sí nǹkan bíi nánómítà 10 (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà kan). Bí iyọ̀ bá di gíráàmù 5.8, ó ku nánómítà 1.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àṣìṣe kejì, torí òun ló ń ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́: kéèyàn máa rò pé iyọ̀ kan ò yàtọ̀ sí òmíràn. Iyọ̀ oúnjẹ, sódíọ̀mù ló wà níbẹ̀, ọwọ́ kan, ìyẹn iná kan, ló ní. Kálísíọ́ọ̀mù ní ọwọ́ méjì. Láti 1882 ni Hans Schulze ti kíyè sí i pé áyọ́ọ̀nù ọlọ́wọ́ púpọ̀ ń mú àwọn ohun oníná tó wà nínú omi dì pọ̀ ju ti ọlọ́wọ́ kan lọ fíìfíì. Lórí pọ́límà tí iná rẹ̀ jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, kálísíọ́ọ̀mù á di fọ́nrán kan mú, á tún di èkejì mú, bí ẹni ń fi òwú kó irun. Kànga tí omi rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, tó ń fi èépá funfun sínú kẹ́tùlù, kálísíọ́ọ̀mù ló pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá fi distilled water ṣàn án, sódíọ̀mù á lọ, ìbòrí á sì tún wú. Kálísíọ́ọ̀mù ò ní torí omi lásán jáde. EDTA, kẹ́míkà tó máa ń gba kálísíọ́ọ̀mù mọ́ra, la fi tú ti ọmọ náà. Mẹ́rin gbà nínú mẹ́fà.

Bí ó bá ń ṣe yín bí àlá, ẹ ya páńpáàsì ọmọdé kan, ẹ gbọn lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ sínú abọ́ méjì, kí ẹ bu omi sí i. Á wú bí ẹ̀kọ mímu tó dì. Ẹ wá wọ́n iyọ̀ sí abọ́ kan: láìpẹ́, ohun tó ti dì á tú, omi á sì yọ. Ẹ wọ́n kálísíọ́ọ̀mù klóráìdì sí èkejì, á sún kì, á di kókó líle.

Àwọn mìíràn ti há a sórí pé iyọ̀ máa ń mú ìbòrí sún kì nígbà gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Polyacrylic acid àti irú pọ́límà bẹ́ẹ̀ tí iná wọn ò le, iyọ̀ díẹ̀ máa ń kọ́kọ́ mú wọn wú sí i kí ó tó wá mú wọn sún kì. Bákan náà, bí a bá ń to pọ́límà ní ìpele-ìpele, iyọ̀ inú ìkòkò tí a ń rì wọ́n sí ló ń jẹ́ kí ìpele kọ̀ọ̀kan nípọn.

Ẹ má sì gbàgbé pé omi oníyọ̀ ni PBS tí ẹ ń dà sí i ní lábù. Gíráàmù 8 iyọ̀ oúnjẹ ló wà nínú lítà rẹ̀ kan.

Ó ku ti àwọn tó ń fi irú pọ́límà yìí ṣe ọ̀dà tí ìgbín òkun ò ní lè lẹ̀ mọ́, fún ọkọ̀ ojú omi Ìlàjẹ. Wọ́n á dán an wò nínú omi Àkúrẹ́, wọ́n á ní ó ṣiṣẹ́. Iyọ̀ inú lítà omi òkun kan tó gíráàmù 35, magnésíọ́ọ̀mù àti kálísíọ́ọ̀mù sì wà nínú rẹ̀, nítorí náà iyọ̀ oúnjẹ tí ẹ yọ́ sínú omi ò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ lọ bu omi òkun Ayétòrò ní Ìlàjẹ fúnra rẹ̀ wá. Ẹ bu ti ìgbà òjò, nígbà tí omi odò ń dín iyọ̀ rẹ̀ kù, ẹ bu ti ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì kọ oṣù sára kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan.