Bí ẹ ṣe lè tún ohùn mónítọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe láìná owó rẹpẹtẹ

Sípíkà ló sábà máa ń gbẹ̀yìn lọ́kàn àwọn tó ń ṣe mónítọ̀. Wọ́ọ̀tì 2 tàbí 3 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní, inú ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n há a mọ́, ẹ̀yìn tàbí ìsàlẹ̀ ni wọ́n sì máa ń kọ ojú rẹ̀ sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbọ́ ọ. Abájọ tí ọ̀rọ̀ fi ń dún bí ẹni pé inú agolo ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Irú sípíkà bẹ́ẹ̀ kò lè mú béèsì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀, jáde, torí kò tóbi tó láti ti afẹ́fẹ́ púpọ̀, kò sì sí àyè lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ẹ lè rí gbà lára rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ṣe ketekete. Béèsì di ọ̀rọ̀ owó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe èyí tí kò gba owó.

Àwọn ohun tí ẹ óò ṣe kí ẹ tó ra nǹkan kan

1. Ẹ wò ó bóyá mónítọ̀ yín ní sípíkà rárá. Ihò hẹ́dífóònù kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ mónítọ̀ ló ní ihò yìí tí kò sì ní sípíkà kankan. Wáyà HDMI àti DisplayPort máa ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀. VGA kì í gbé ohùn, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé DVI. Tó bá jẹ́ VGA lẹ ń lò, ẹ nílò wáyà ohùn ọ̀tọ̀, láti ihò hẹ́dífóònù kọ̀ǹpútà bọ́ sí ihò tí wọ́n kọ Audio In sí lára mónítọ̀.

2. Ẹ yan ibi tí ohùn yóò gbà jáde. Lórí Windows 11, ẹ lọ sí Settings, System, lẹ́yìn náà Sound, kí ẹ yan orúkọ mónítọ̀ náà lábẹ́ Output. Kọ̀ǹpútà lè yí ibi ìjáde padà fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ti ki HDMI bọ̀ ọ́. Ohun tó ń fà á nìyẹn tí ohùn fi máa ń "sọnù" lójijì.

3. Ẹ to fọ́lúùmù bó ṣe yẹ. Ẹ gbé ti kọ̀ǹpútà sí 100, kí ẹ wá máa gbé ti mónítọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ láti inú mẹ́nù rẹ̀, títí ohùn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Ẹ dín in kù díẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ sì máa lo bọ́tìnì kọ̀ǹpútà láti ọjọ́ náà lọ.

4. Ẹ darí ohùn náà síwájú. Bí sípíkà bá kọjú sẹ́yìn, ẹ gé páálí tó fẹ̀ tó mónítọ̀ náà, kó ga tó sẹ̀ntímítà 15, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó kọ dọ̀ọ́dọ̀ọ́, kí ẹ sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn lábẹ́ ihò sípíkà, kí ohùn lè bá a kó sì padà síwájú. Ẹ má dí ihò tí ooru ń gbà jáde. Ògiri tí kò jìnnà ju sẹ̀ntímítà 10 sí 15 lọ náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, àmọ́ kọ́tìnì máa ń gbé ohùn mì ni. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni sípíkà kọjú sí, ẹ kó ìwé àti aṣọ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Tábìlì lásán ló dára jù.

5. Ẹ fi equalizer tún un ṣe, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbé apá kan ohùn sókè tó sì ń rẹ apá mìíràn sílẹ̀. Lórí Windows, Equalizer APO wà lọ́fẹ̀ẹ́. Lórí Linux, EasyEffects. Nígbà tí ẹ bá ń fi Equalizer APO sórí ẹ̀rọ, yóò ní kí ẹ máàkì ibi ìjáde ohùn tí ẹ fẹ́ kó ṣiṣẹ́ lé lórí. Bí ẹ bá máàkì òmíràn, ohunkóhun tí ẹ bá yí kò ní dún yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ sì tún un tàn. Hz àti kHz ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tàbí ṣe wà nísàlẹ̀ tó, dB sì ni ti bó ṣe lágbára tó. Ẹ fi high-pass (àsẹ́ tó ń jẹ́ kí ohùn òkè nìkan kọjá) gé gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ 150 Hz, ẹ gbé àárín 2 kHz sí 4 kHz sókè ní 3 dB, kí ẹ sì fa preamp (agbára gbogbo ohùn náà lápapọ̀) wálẹ̀ sí −4 dB kí ohùn má baà fọ́. Ẹ̀rù lè bà yín láti gé béèsì, ṣùgbọ́n sípíkà yìí kò lè dún 60 Hz. Ńṣe ló kàn ń gbọ̀n, tó sì ń ba ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ jẹ́.

Bí owó díẹ̀ bá wà

Ẹ lè ra sípíkà ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má wo wọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ihò USB 2.0 kì í fúnni ju fóltì 5 àti ámpíà 0.5 lọ, ìyẹn wọ́ọ̀tì 2.5 fún sípíkà méjèèjì. Sípíkà tó ń gba iná láti ibẹ̀ tó sì ń pe ara rẹ̀ ní wọ́ọ̀tì 100 ń purọ́ ni. Ohun tí ẹ óò wò ni bí ojú sípíkà ṣe fẹ̀ tó: íǹṣì 2 ló kéré jù, íǹṣì 3 sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì ní ohun tí ẹ lè fi yí fọ́lúùmù lára. Èyí tó ń gba iná láti ara ògiri sàn ju èyí tó ń gbà á láti USB. Soundbar, ìyẹn sípíkà gígùn kan ṣoṣo, rọrùn gbé kalẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tún àti òsì rẹ̀ sún mọ́ra jù. Bluetooth máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dún. Fíìmù lè fara da ìyẹn, eré ìdíje kò lè fara dà á. Wáyà ni kí ẹ lò.

Ọ̀nà tó ń mówó yẹ jù ni sípíkà àlòkù ilé tó jẹ́ onípákó, tí kò ní amplifier (ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára) nínú, pẹ̀lú amplifier kékeré tó ń lo ṣípù TPA3116D2. Ẹ fi ìka tẹ ojú sípíkà náà jẹ́ẹ́jẹ́ kí ẹ tó san owó: kò gbọdọ̀ ha, fóòmù etí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jẹrà. Ohm rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dènà iná tó, kó jẹ́ 4 sí 8. Ṣájà laptop àtijọ́ tó ń gbé fóltì 19 àti ámpíà 3 jáde máa ń tó o, bí ibi tó ń wọlé bá bára mu tí àárín rẹ̀ sì jẹ́ positive (+). Wáyà pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Bí ẹ bá yí ti ẹyọ kan padà, béèsì yóò pòórá, ẹ kò sì ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wá mọ́. Ẹ má so wáyà dúdú ọ̀tún àti ti òsì pọ̀ láé. Lórí amplifier yìí, àwọn náà ń gbé iná jáde, amplifier náà sì lè jóná.

Ibi tí ẹ gbé e sí

Sípíkà olówó kékeré tó wà ní ipò tó yẹ máa ń borí olówó ńlá tí wọ́n jù sí kọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí àárín sípíkà méjèèjì tó ibi tí orí yín wà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bíi sẹ̀ntímítà 60 sí 80, kí ẹ sì yí wọn díẹ̀ kí wọ́n kọjú sí yín. Sípíkà kékeré tó ń dún ohùn òkè ni kó ṣe déédéé etí. Bí kò bá ga tó, ẹ fi ohun kan gbé iwájú rẹ̀ sókè. Ẹ fi fóòmù tàbí aṣọ tí ẹ ká sábẹ́ rẹ̀ kí tábìlì má baà máa bá a gbọ̀n. Bó bá ṣe sún mọ́ ògiri sí ni béèsì ń pọ̀ sí i, bó bá sì wọ igun yàrá, yóò máa dún gbòò, ọ̀rọ̀ yóò sì bò mọ́lẹ̀. Ọ̀tún àti òsì kò gbọdọ̀ yàtọ̀ ní bí wọ́n ṣe jìnnà sí ògiri.

Bí nǹkan bá dàrú

Bó bá ń kùn nígbà tí ṣájà laptop wà lára iná, tó sì dákẹ́ nígbà tí ẹ bá yọ ọ́, ground loop ni, ìyẹn iná tó ń yí ká láàárín wáyà earth àwọn ẹ̀rọ náà. Ẹ ki gbogbo rẹ̀ bọ sókẹ́ẹ̀tì kan náà. Bí kò bá lọ, ẹ fi ground loop isolator, ẹ̀rọ kékeré tó ń gé ìyíká iná náà, sáàárín wáyà ohùn. Ó lè mú béèsì díẹ̀ lọ. Ẹ má gé ẹsẹ̀ earth lára púlọ́ọ̀gì, iná lè pa èèyàn.

Bó bá ń pariwo wíẹ́wíẹ́ bí ẹ ṣe ń sún máòsì, inú kọ̀ǹpútà ni ariwo náà ti ń wá. Ẹ lo ihò aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn dípò ti iwájú, tàbí kí ẹ ra ẹ̀rọ ohùn USB kékeré, tí wọ́n ń pè ní DAC.

Bí ohùn bá ń jáde lápá kan, ẹ ti wáyà wọlé dáadáa, kí ẹ sì wo Balance (bí ohùn ọ̀tún àti òsì ṣe dọ́gba) nínú Settings. Bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bá ń gé lórí HDMI, mónítọ̀ ló ń pa apá ohùn rẹ̀ nígbà tí ohunkóhun kò bá dún; bí ẹ bá gba ohùn láti ihò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ìyẹn yóò dópin.