Bí mo ṣe kọ ìtàn John Lewis fún màámi

Ère ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2024, mo mú màámi gba iwájú ilé ẹjọ́ àtijọ́ kọjá ní Decatur, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlanta. Wọ́n rí ọkùnrin kan tí wọ́n fi idẹ rọ, tó káwọ́ lé àyà. Wọ́n ní, "Ta ni bàbá yìí? Kí ló ṣe tí wọ́n fi gbé e síbí?" Mo ní John Lewis ni, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó di aṣòfin tó ṣojú Atlanta nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń parọ́.

"Aṣòfin? Kí ló pín?"

Ẹ má bá màámi wí. Níbi tí wọ́n ti ń bọ̀, aṣòfin tó ṣiṣẹ́ ni èyí tó pín ẹ̀rọ ìlọta, ọ̀kadà àti àpò ìrẹsì tí àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ búra di ọmọ Amẹ́ríkà ni, wọ́n sì fẹ́ dìbò lóṣù kọkànlá. Àwọn màmá mẹ́fà tí wọ́n jọ ń ṣe àdúrà òwúrọ̀ lórí fóònù náà ń béèrè ohun tí wọ́n ń dìbò fún gan-an. Mo bá ṣèlérí ojú ewé méjì lédè Yorùbá: ohun tí John Lewis dúró lé lórí, àti ohun tó ṣe fún àwọn tó rán an níṣẹ́. Mo rò pé iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ kan ni. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ tó sọ ni mo kọ́kọ́ kó jọ, mo sì da gbogbo rẹ̀ nù. Olóṣèlú wo ni kì í sọ̀rọ̀ òmìnira? Ìbò ni mo wá lọ wò. Ìkànnì akọ̀wé Ilé Aṣojú-ṣòfin ní àkọsílẹ̀ ìbò wọn láti ọdún 1990, orúkọ kọ̀ọ̀kan àti ohun tó dì. Mo lọ tààrà sí ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 2006, ọjọ́ tí Ilé dìbò láti fi ọdún kún àwọn apá kan tó fẹ́ parí nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ìdìbò ti 1965, òfin tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tìtorí àwọ̀ ara dí ènìyàn lọ́wọ́ ìdìbò. Iwájú orúkọ Lewis, kí ni mo rí? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àyà mi já. Ọkùnrin tí wọ́n fọ́ lórí nítorí ìbò!

Mo ti fẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi kí n tó ka àkọlé ojú ewé náà dáadáa. Kì í ṣe ìbò lórí òfin náà ni mo ṣí. Ìbò lórí ọ̀kan nínú àtúnṣe mẹ́rin tí àwọn kan gbé wá lọ́jọ́ yẹn ni. Ọ̀kan fẹ́ gé ọdún 25 tí wọ́n fẹ́ fi kún un sí 10. Òmíràn fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ ìwé ìdìbò tó ní èdè mìíràn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣubú. Nígbà tí wọ́n wá dìbò lórí òfin fúnra rẹ̀, 390 gbà, 33 kọ̀, Lewis sì wà lára àwọn tó gbà. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí fún aṣòfin tiyín, ẹ ka àkọlé kí ẹ tó ka orúkọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba olóògbé lórúkọ jẹ́.

Àtúnṣe lórí èdè yẹn ló mú mi dúró. Yorùbá kò sí lára èdè tí òfin náà dá mọ̀: èdè Spanish, èdè àwọn ará Éṣíà, ti àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti Alaska nìkan ni. Ṣùgbọ́n apá kan wà tí wọ́n fi kún un lọ́dún 1982: ẹni tí kò lè kà tàbí kọ, tàbí tí ojú tàbí ara kò jẹ́ kó dá dìbò, lè mú ẹni tó wù ú wọlé kó ràn án lọ́wọ́, àfi ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀. Màámi ń ka Bíbélì Yorùbá bí ẹni mumi, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn kò lè kà dáadáa. Mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sókè ojú ewé kìn-ín-ní.

Ìbò tó le jù láti kọ ni ti 1996. Ilé gbé òfin kan kalẹ̀ pé ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin sí ìgbéyàwó. Aṣojú 342 gbà, 67 kọ̀. Lewis, tí wọ́n fi jẹ oníwàásù nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, wà lára àwọn 67. Mo mọ àwọn màmá mi. Mo yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo dá a padà lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá yọ ọ́, Lewis tó wù wá ni mo ń kọ, kì í ṣe Lewis. Ó tún kọ ogun Iraq lọ́dún 2002. Ìyẹn kò dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nílé wa.

Lẹ́yìn ìbò, mo wá ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Màámi ti rò pé ọmọ ọlọ́lá ni. Rárá o, ọmọ àgbẹ̀ ni, wọ́n bí i lọ́dún 1940 nítòsí Troy ní Alabama, adìyẹ ilé wọn ló sì ń bójú tó. Ó máa ń wàásù fún wọn! Ibẹ̀ ni màámi ti rẹ́rìn-ín dé ibi omijé. Lọ́jọ́ 7 oṣù kẹta ọdún 1965, òun àti bí 600 ènìyàn rìn lórí afárá Edmund Pettus ní Selma nítorí ẹ̀tọ́ ìdìbò, àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ lù wọ́n, agbárí rẹ̀ sì là. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí Òfin Ẹ̀tọ́ Ìdìbò. Lewis wọ Ilé ní 1987, kò sì kúrò títí ó fi kú ní oṣù keje ọdún 2020. Ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, tí wọ́n dá àwọn arìnrìn-àjò dúró ní pápákọ̀ òfurufú Atlanta nítorí àṣẹ Ààrẹ tuntun, Trump, tó ka wíwọlé àwọn ará orílẹ̀-èdè kan léèwọ̀, ó lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó béèrè iye ènìyàn tí wọ́n mú. Wọn kò dá a lóhùn. Ó ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká jókòó díẹ̀ nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan tí gbogbo ayé mọ̀, *good trouble*, fẹ́ fọ́ mi lórí. Mo kọ "wàhálà rere." Màámi ní, "Ta ló ń ṣàmín sí wàhálà?" Mo ní "ìjàngbọ̀n tó dáa." Wọ́n ní ìyẹn ti yá díẹ̀, pé bàbá àwọn máa ń fa irú rẹ̀ lọ́jà nígbà owó orí. Ìjàngbọ̀n ló dúró.

Apá iṣẹ́ fún ará agbègbè ló kù, òun ló sì ṣòro jù, torí ọ̀rọ̀ ẹni tí ọ́fíìsì ràn lọ́wọ́ kì í sí lórí ìkànnì. Mo pe ọ́fíìsì aṣojú agbègbè tiwa, ẹnì kan fi sùúrù ṣàlàyé. Bí ìwé ìrìnnà, owó ìfẹ̀yìntì tàbí ìwé ìgbélùú ẹni bá há síléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n lè bá a béèrè ibi tó dé. Òfin 1974 lórí àṣírí ẹni ló fà á tó fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda. Wọn kò lè pàṣẹ fún iléeṣẹ́ náà, wọn kò sì lè dá sí ẹjọ́ tó wà ní kóòtù. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Màámi ní kí n ka gbólóhùn ìkẹyìn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo kà á sórí WhatsApp, ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ìbò 1996 dá ariwo sílẹ̀ bí mo ṣe rò. Màmá kan ní òun kò fara mọ́ ohun tí Lewis dì, ṣùgbọ́n ó kéré tán, kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni èyí tó dàgbà jù nínú wọn fi ohùn ránṣẹ́:

"Ọmọ mi, o ṣeun. Ẹni yẹn ti lọ. Ẹni tó wà níbẹ̀ báyìí, kí lòun ń dì?"

Mo tún ṣí ìkànnì akọ̀wé.