Bí A Ṣe Ń Di Olùkọ́ Ẹ̀kọ́ Àkànṣe ní Nàìjíríà

Ẹ̀kọ́ àkànṣe ni ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà, bí adití, ẹni tí kò ríran tàbí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè gba ẹ̀kọ́. Kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù kankan, ẹ pinnu irú ọmọ tí ẹ fẹ́ máa kọ́. Olùkọ́ tí èdè ọwọ́ àwọn adití mọ́ lára lè dé kíláàsì àwọn tí kò ríran kó máa wò bọ̀ọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan pé ẹ fẹ́ wá jókòó wo iṣẹ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní Sùúrùlérè l'Ékòó, Wesley wà fún àwọn adití, Pacelli wà fún àwọn tí kò ríran. Ẹni tí kò ní sùúrù láti sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá á ti mọ ara rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ ọ̀hún tó parí.

Lẹ́yìn náà ló kan ìwé. NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ń fúnni, gba ọdún 3. FCE Special, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, ni wọ́n mọ̀ jù fún un. Dìgírì gba ọdún 4 pẹ̀lú JAMB, ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti Jos, tàbí ọdún 3 fún ẹni tó bá gba Direct Entry wọlé pẹ̀lú NCE. Yunifásítì ń fẹ́ kírẹ́díìtì márùn-ún, kí Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni yíyan iṣẹ́ mẹ́rin tí wọ́n máa fi ṣe ìdánwò JAMB: Gẹ̀ẹ́sì pọn dandan, ṣùgbọ́n mẹ́ta yòókù lè yàtọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí èkejì, nítorí náà ẹ yẹ ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB wò kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó ti ní dìgírì mìíràn lè ṣe PGDE, ìyẹn dípúlómà olùkọ́ fún ẹni tó ti ní dìgírì, àmọ́ kó jẹ́ ti ẹ̀kọ́ àkànṣe gan-an. Lójú tiwa, ẹni tó bá fẹ́ dúró nínú kíláàsì, kó ti Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi dìgírì lé NCE, ó pẹ́ ju dìgírì tààrà lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ á tètè mọ iṣẹ́.

Ọwọ́ yìí gan-an ni ìwé ẹ̀rí kì í fúnni. Ẹ má dúró de olùkọ́ yín. Ẹ máa fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú dánra wò lójoojúmọ́.

Bó bá jẹ́ Braille, ìwé tí àwọn tí kò ríran ń fi ìka kà, àyè àmì mẹ́fà ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní, mẹ́ta lápá òsì, mẹ́ta lápá ọ̀tún. Lórí síléètì, férémù tí a fi ń di bébà mú láti gún àmì, ẹ̀yìn bébà ni a ń gún, nítorí náà apá ọ̀tún la ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ sí òsì, kó lè tọ̀nà nígbà tí a bá yí i padà. Ẹni tó bá gbàgbé, d rẹ̀ á di f, e rẹ̀ á di i, h rẹ̀ á di j. Ẹ lo bébà tó nípọn, torí pé àmì orí bébà lásán kì í pẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ.

Èdè ọwọ́ tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa fara jọ ti Amẹ́ríkà, torí pé Andrew Foster, adití aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Fídíò Amẹ́ríkà á ràn yín lọ́wọ́, àmọ́ bí àwọn ọmọ bá ní àmì tiwọn, tiwọn ni kí ẹ lò. Fífi ìka pe lẹ́tà 26 kò tíì di èdè. Ẹ má kọjú sí pátákó sọ̀rọ̀, ẹ má sì dúró síwájú fèrèsé, nítorí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn yín kò ní jẹ́ kí wọ́n rí ojú àti ọwọ́ yín dáadáa.

Fún ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè gba ẹ̀kọ́, ẹ gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Fífọwọ́ jẹ́ méje: ṣí ẹ̀rọ omi, fomi kan ọwọ́, mú ọṣẹ, fi ra ọwọ́, ṣan án, ti ẹ̀rọ, nu ọwọ́. Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ bá a ṣe mẹ́fà, kó fúnra rẹ̀ nu ọwọ́. Bó bá ti mọ̀ ọ́n, kó máa ti ẹ̀rọ náà. Báyìí, òun ló ń parí iṣẹ́ nígbà gbogbo. Àwọn olùkọ́ tó ń kánjú ló máa ń bá a ṣe gbogbo rẹ̀. Ọmọ náà á kàn kọ́ bí a ṣe ń dúró de ẹni tó máa bá a ṣe é.

Ní ìgbà tí ẹ bá lọ fi ẹ̀kọ́ kíkọ́ dánra wò, ẹ kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò ẹ̀kọ́ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. “Yóò mọ owó” kò ṣeé wọ̀n. Ẹ kọ pé: “Kí ọ̀sẹ̀ 8 tó pé, bí a bá tẹ́ ₦50, ₦100 àti ₦200 síwájú rẹ̀, yóò mú èyí tí a bá pè lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú márùn-ún.” Ẹ pe òbí sí i, torí òun ló máa rán ọmọ náà níṣẹ́ nílé.

Tí ẹ bá gba ìwé ẹ̀rí, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà; orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìpele D ni ti NCE, C ni ti dìgírì. SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ló ń gba olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. TESCOM, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ olùkọ́, ló ń gba ti girama ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Nínú fọ́ọ̀mù, ẹ kọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe yín ní kíkún. Bí ẹ bá kọ iṣẹ́ tí ẹ ń kọ́ni nìkan, bí Gẹ̀ẹ́sì tàbí Ìṣirò, ilé ẹ̀kọ́ lásán ni wọ́n lè gbé yín lọ, àtigba ìyípadà lẹ́yìn náà sì lè fà gùn.